Ìjókòó Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Awakọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa máa ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo ló dára ká kọ́?" Mo ti pinnu pé n óò dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi. Iṣẹ́ bàálù ni mo ṣe láyé mi. N kò wà á o, títún un ṣe ni mò ń tún un ṣe. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Port-Bouët ní Abidjan ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá ń retí kí n sọ pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló gbé mi dé ibi tí mo dé, ẹ tètè pa ìwé yìí dé. Owú ni. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, owú ni mò ń jẹ, orúkọ ẹni tí mò ń jowú rẹ̀ sì ni Aléksíì.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ará Ẹ̀jìgbò ni àwọn òbí mi. Bàbá mi ń ta abọ́ ní Abobo Gare, ó sì fẹ́ kí n wá jókòó ti abọ́ bíi tirẹ̀. Ìyá mi ló ṣàkíyèsí pé n kì í rí rédíò kí n má tú u wò. Ó mú mi lọ bá Pápá Ọnọ́rè, àgbàlagbà kan tó máa ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Koumassi, ó kúnlẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ parí. Ọdún 1980 la wà nígbà náà. Ní ti owó oṣù mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ó tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí.

Ará Àjàṣẹ́ ni Pápá Ọnọ́rè, ìlú tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Akọ̀wé ìjọba Faransé ni bàbá rẹ̀ láyé àtijọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí Pápá fi máa ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì dáadáa kó tó wọ aṣọ iṣẹ́ bò ó. Òun ni ọ̀gá, tí à ń pè ní Patron, fún àwa tí a ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń fi bàálù kéékèèké gbé àwọn oníṣòwò lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà. Inú ilé páànù gàgàrà kan tí bàálù ń sùn sí la ti ń ṣiṣẹ́, àngáà là ń pè é. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ iyọ̀ wọ ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí o bá gbàgbé irin síta, kí o tó padà dé, ó ti dógùn-ún.

Èmi àti Aléksíì la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kétu ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀, Faransé rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Tèmi, òdìkejì ni. Ó ga, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ orúkọ gbogbo ènìyàn títí dé obìnrin tó ń ta àtíèkè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé. Aléksíì kì í ká apá sílẹ̀ rárá, gbogbo ayé ló ń ṣípá sí, gbogbo ayé sì ń gbé e. Èmi kì í sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí iṣẹ́ mi bá dára, ẹni tó yẹ kó rí i á rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe kọ́ṣẹ́, nítorí ẹ̀yin òde òní rò pé inú fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ gbogbo nǹkan. Ó pẹ́ gan-an kí a tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Kẹrosíìnì la fi ń fọ irin, a ń fọ̀ ọ́ títí awọ ọwọ́ wa fi ń bó. Pápá ní aṣọ pupa kan tó máa ń tẹ́ sílẹ̀, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán gbogbo sípánà wa sí i lára. Bí a bá parí iṣẹ́, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ padà sùn sórí àwòrán ara rẹ̀. Bí ọ̀kan bá dín, ẹnikẹ́ni kò ní pa ìdérí ẹ́ńjìnnì dé, ẹnikẹ́ni kò sì ní lọ sílé.

"Èyí tí kò bá sí lórí aṣọ, inú bàálù ló wà," ni Pápá máa ń wí. "Ẹ wá a."

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ́ wa bí a ṣe ń di nọ́ọ̀tì. Á ní kí a di ojú, kí a máa fi ọwọ́ gbọ́ ohun tí irin ń sọ, títí irin á fi sọ pé ó tó. Bí o bá dì í jù, á já. Bí o kò bá dì í tó, á tú lókè, kò sì sí mẹ́káníìkì lẹ́bàá títì òfuurufú.

Kì í pariwo. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú gbogbo ohun tí o ti fi odindi ọjọ́ dì, á tò wọ́n sórí aṣọ pupa lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá lọ fọ ọwọ́. Iṣẹ́ Aléksíì ló máa ń tú. Ọwọ́ Aléksíì yá, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń sá fún òjò. Pápá á fa àpótí, á jókòó tì í, á gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìwé, àwọn méjèèjì á jọ dì í padà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á yọjú wò ó, á kọjá. N kò lè sọ bí kíkọjá yẹn ṣe ń dùn mí tó. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ jókòó ti ẹlòmíràn.

Òfin kan wà ní àngáà wa tí n kò rí níbòmíràn. Bí a bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí a sì tò ó padà, ọ̀kan nínú àwa tí ọwọ́ wa kan bàálù náà gbọ́dọ̀ bá a lọ ní ìrìn àjò àkọ́kọ́, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Pápá ló ṣe òfin náà, òun náà ló sì ń yan ẹni tó ń lọ. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù ba gbogbo wa, a ń wo ilẹ̀. Aléksíì ni Pápá na ìka sí. Ó wọlé. Nígbà tó bọ̀, ojú rẹ̀ ń tàn yanranyanran.

"Jákọ́bù, o rí ọ̀sà yẹn? Gbogbo ẹ̀ pátá lo máa rí," ó ń sọ fún mi, ó la apá méjèèjì. "Koumassi kéré báyìí. Mo tiẹ̀ rí òrùlé ilé yín même."

"Òrùlé páànù ni. Kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn," ni mo dá a lóhùn.

"Má bínú, vieux. Prochaine fois, ìwọ ni. N óò bá Patron sọ ọ́."

Ìgbà tó kàn, prochaine fois rẹ̀, dé, Aléksíì ló lọ. Òmíràn dé, Aléksíì náà ni. Ìgbà mìíràn Pápá a yan ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún sípánà yàtọ̀ sí òsì. Èmi kọ́. Mo wá di ẹni tó ń ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wo ìdí bàálù.

Ìjókòó yẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Tàǹtí Róósì, ìyàwó Pápá, máa ń bu àtíèkè àti ẹja díndín sínú abọ́ aláwọ̀ ewé kan tó ní ìdérí fún ọkọ rẹ̀ láti gbé lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ tí Aléksíì bá wà lókè, Pápá kì í ṣí abọ́ náà. Á gbé àga síta, á máa wo ojú ọ̀run lápá ibi tí bàálù ń gbà bọ̀. Àtíèkè á gbẹ, ẹja á tutù. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bàálù bá kan ilẹ̀ ló máa tó sọ pé, "Ẹ bu omi wá, kí n fọwọ́." Èmi á ti jẹ tèmi tán nígbà yẹn, n kì í sì í mọ adùn rẹ̀. Mo ń bi ara mi pé bó bá jẹ́ èmi ló wà lókè yẹn, ta ni ebi rẹ̀ á dúró dè mí?

Mo bi í lọ́jọ́ kan. Mo dúró de ìgbà tí a ku àwa méjì. Mo ní, "Patron, ìgbà wo ló máa kàn mí?"

Ó wò mí láti orí gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwọ? Kí lo ń wá lókè?"

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà relé, mo sùn tì í, mo jí tì í.

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Èmi àti Aléksíì di ọ̀gá kéékèèké, a níyàwó, a bímọ. Kò ṣẹ̀ mí rí o. Òun ló gbé ọmọ mi àkọ́kọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ọ́, o lè bá a jà kí ara tù ọ́. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́ rárá tí gbogbo ayé sì fẹ́ràn jù ọ́ lọ, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Nígbà òjò kan, iṣẹ́ ńlá bọ́ sọ́wọ́ wa. Bàálù kan fẹ́ gbé oníṣòwò kọfí méjì lọ sí ìlú Man, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí, níbi tí òkè ti yí ìlú ká. Èmi nìkan ṣoṣo ni mo tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, èmi nìkan ni mo tò ó padà. Aléksíì, taya àti bíréékì ló ṣe. Mo ṣírò rẹ̀ lọ́tùn-ún, mo ṣírò rẹ̀ lósì: kò sí bí Pápá ṣe lè yí i, ìjókòó náà ti di tèmi. Mo sọ fún ìyàwó mi, mo sọ fún ìyá mi, ìyá mi sọ fún gbogbo ìjọ. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì bíi ti Pápá.

Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ ní Port-Bouët láàárọ̀ ọjọ́ náà. Awakọ̀ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ̀màǹdáǹ, jáde láti ibi tí wọ́n ti ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó ní ìkúukùu wà lórí àwọn òkè Man, ṣùgbọ́n météo sọ pé ó lè ká kúrò kí àwọn tó dé. Àwọn oníṣòwò ń kánjú. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn.

"Aléksíì, wọlé," ni Pápá wí.

Mo rò pé ó ṣì í sọ ni. "Patron, èmi ni mo to ẹ́ńjìnnì yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣebí òfin ni pé..."

"Èmi ni mo ṣe òfin, Jákọ́bù. Sọ̀ kalẹ̀."

Aléksíì di apá mi mú. "Patron, pardon, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó ti wọ aṣọ dáadáa. Èmi ń lọ nígbà gbogbo."

"Ta ló ṣe bíréékì?" Pápá bi í.

"Èmi ni."

"Wọlé nígbà náà."

Ó wọlé. Láti ojú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi pé kí n má bínú, pé ó di ọ̀la. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ń nu sípánà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àsìkò tó yẹ kó padà dé, kò dé. Pápá wà lórí àga rẹ̀ níta nínú òjò, abọ́ aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ránṣẹ́ láti Man lórí rédíò. Ìkúukùu kò ká kúrò. Bàálù ti forí sọ òkè nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yè nínú gbogbo wọn. Pápá kò sunkún. Ó dìde, ó gbé abọ́ náà bó ṣe wà, ó wọ takisí wôrô-wôrô lọ sílé ní Koumassi.

Lọ́jọ́ kejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo pápá ọkọ̀ òfuurufú: "Ta ló to ẹ́ńjìnnì yẹn?" Jákọ́bù ni. Ẹni tó bá kọjá á kí àwọn yòókù ní "yàkó, yàkó", bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ níbí. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, á mú ojú kúrò. Ẹnìkan sọ ọ́ létí mi pé àbájọ tí Pápá kò fi jẹ́ kí ẹni tó tò ó wọ̀ ọ́, bóyá ẹni náà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ pé òun kò lọ. Èmi tí mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀! Orúkọ mi, èyí tí mo fi ọdún púpọ̀ dì ní nọ́ọ̀tì kan tẹ̀lé òmíràn, ó fẹ́ tú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èmi náà kò sì dá ara mi lójú mọ́. Mo ń di ojú, mo ń fi ọwọ́ lásán di nọ́ọ̀tì nínú afẹ́fẹ́, mo ń bi ọwọ́ mi bóyá ó gbàgbé ọ̀kan.

Ìyá mi fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ pé Ọlọ́run yọ mí. Olùṣọ́-àgùntàn ní kó ní sùúrù, kí a sin òkú ná. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo sunkún níbi ìsìnkú Aléksíì, ẹkún òtítọ́ ni, mo sì ń ríran. Mo rí i pé ìjọ kún dé títì. Mo rí àwọn awakọ̀, mo rí àwọn oníṣòwò, mo rí obìnrin alátíèkè tó ká ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Fọ́tò rẹ̀ wà níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, owú mú mi. Mo jowú òkú, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Mo mọ̀ pé ká ní èmi ni mo lọ, wọn ì bá ti tètè lọ sílé lọ jẹun.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ní kí Pápá wá bá àwọn wo ẹ́ńjìnnì lórí òkè. Ó wá bá mi nídìí iṣẹ́. "Ìwọ lo tò ó," ó ní. "Dìde, ká lọ wò ó."

Ọ̀nà Man jìn. A kọjá oko kòkó, a kọjá igbó. Bí a ṣe dé, ìkúukùu ṣì jókòó sórí àwọn òkè náà, bí gèlè lórí obìnrin. A fi ẹsẹ̀ gòkè. Obìnrin kan tó ní oko kọfí sí ẹsẹ̀ òkè ló ń fọ̀nà hàn wá, èdè Jùlá ló sì ń sọ. Èmi tí mo dàgbà nínú ọjà Abobo gbọ́ ọ, mo ń túmọ̀ fún Pápá. Ó ní òun kò rí bàálù náà, ohùn rẹ̀ nìkan lòun gbọ́ nínú ìkúukùu. Pápá ní kí n bi í bí ohùn náà ṣe rí, ṣé ó ń húkọ́, ṣé ó ń kú lọ.

Obìnrin náà mi orí. "Ó ń ké dáadáa ni. Ó ń ké dáadáa títí ó fi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n ti gbé àwọn òkú kúrò. Irin ló kù láàárín àwọn igi tó ṣẹ́. Pápá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀, ó ṣí báàgì, ó fa aṣọ pupa wa yọ, ó tẹ́ ẹ sórí koríko tútù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó ṣeé tú. Ó ń yọ nọ́ọ̀tì mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ. Mo dúró tì í, mo ń kà wọ́n bó ṣe ń tò wọ́n. Láti ọdún tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí Pápá jókòó ti iṣẹ́ mi, ó wá jókòó tì í, lórí òkè tí Aléksíì kú sí.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Níkẹyìn ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó fi abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù hàn wọ́n. Apá méjèèjì rẹ̀ ló lọ́, bí èèpo ọsàn tí wọ́n fi ọ̀bẹ bó.

"Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú kó tó kan òkè, apá kan ni ì bá tẹ̀, èkejì á wà bó ṣe wà," ó ní. "Èyí ń yí kíkankíkan. Kò sí nọ́ọ̀tì kan tó tú. Ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Awakọ̀ kò rí òkè ni."

Àwọn náà ti rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Patron, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí n lọ? Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan o. Láti ọjọ́ tí a ti wà."

Pápá ń ká aṣọ pupa. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe? Aléksíì ni mo ṣe òfin yẹn fún. Ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Mo ní kó máa jókòó lé ohun tó bá dì, kí ẹ̀rù lè kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá mi lójú ni mo ń rán lọ sókè. Tìrẹ, n kò tú nọ́ọ̀tì rẹ wò láti ìgbà tí o ti di ojú dì í lójú mi. Òní ni mo tó tún tú u."

"Ẹ kò sọ fún mi rí."

"Ṣé èèyàn ń sọ fún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni?"

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ̀rù kò ba ọmọ náà mọ́, ó ti pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ó yẹ kí n ti fi òfin náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, Jákọ́bù, mo fẹ́ràn kí n máa rí i." Ibẹ̀ ló ti wá sunkún, lórí òkè yẹn, ó fi aṣọ pupa bo ojú.

Ẹ óò rò pé owú mi tán níbẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, mo sì gbọ́ pé èmi ni ọwọ́ ọ̀tún, síbẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń gbé wa padà sí Abidjan, mò ń ṣírò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó fọkàn tán mi, ó ń ṣàníyàn nípa Aléksíì. Ẹni tí wọ́n fọkàn tán kò sí ẹni tó ń wo ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n á jẹun, wọ́n á yó, wọ́n á mọ̀ pé yóò dé. Mo wo Pápá bó ṣe sùn sí igun ọkọ̀ pẹ̀lú ojú tó wú, mo sì ń jowú Aléksíì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òfin yẹn kú lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó tún bá bàálù gòkè nínú wa. Irinṣẹ́ ń yí padà. Sípánà kan dé tó máa ń dún kẹ́ẹ́ bí nọ́ọ̀tì bá ti dì tó, kò wá sí ìdí láti di ojú mọ́. Kí n má purọ́, inú bí mi sí i. Ohun tí mo fi awọ ọwọ́ kọ́, ẹni tó dé lánàá ń ṣe é, ó ń fọn fèrè lọ. Ẹ̀rọ mìíràn dé tó ní iná kékeré lẹ́nu, a ń tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì láti wò ó láìtú u. Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń gbé síwájú awakọ̀, tó máa ń pariwo bí òkè bá wà nínú ìkúukùu níwájú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dè é mọ́ bàálù, mo dúró tì í títí. Mo ń jowú ẹ̀yin tí ẹ óò jókòó tì í, nítorí Aléksíì tí kò rí irú rẹ̀.

Pápá fẹ̀yìn tì, mo bọ́ sí ipò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ríran mọ́. Aṣọ pupa náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń tún ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ yà.

Kí ọdún 1999 tó parí, a to ẹ́ńjìnnì tuntun kan, irú èyí tí a kò ní rí. Awakọ̀ wa ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, fẹ́ gbé e yí Abidjan ká kó tó gbé èrò. Ó ní, "Vieux père, ẹ wá jókòó tì mí. Bí ohùn rẹ̀ kò bá dùn mọ́ yín, ẹ máa sọ fún mi."

Mo ti di àgbà nídìí iṣẹ́ bàálù, n kò tíì jókòó nínú rẹ̀ lókè rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kí Pápá nílé. Mo sọ fún un.

"Ojú ọjọ́ ńkọ́?" ló bi mí.

"Ó mọ́, Patron. A kò ní kọjá ọ̀sà."

"Hẹn," ló ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan mìíràn.

A gbéra lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin ọmọ mi, irọ́ kọ́ ni Aléksíì pa. Ọ̀sà tẹ́ sílẹ̀ pátá, Koumassi kéré bí abọ́ tí bàbá mi ń tà, oòrùn ń ta sára àwọn òrùlé. Mo wá òrùlé wa, mo rí i. Gbogbo ọdún yẹn, ohun tó ń rí nìyí! Omi bọ́ lójú mi, n kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí kí ni. Ẹ́ńjìnnì ń ké dáadáa.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rí àga kan níwájú àngáà. Ẹnìkan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé ojú sókè síhà òkun. Tàǹtí Róósì dúró tì í, abọ́ aláwọ̀ ewé wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, mo dọ̀bálẹ̀.

"Jákọ́bù, bá mi bá Pápá rẹ wí," Tàǹtí Róósì ní. "Láti àárọ̀ ló ti ní kí n gbé òun wá síbí. Ojú tí kò ríran ló ń gbé sókè láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Kò jẹun. Mo ní kó jẹun, ó kọ̀."

Pápá na ọwọ́, ó wá orí mi títí ó fi rí i.

"Ṣé o dì í dáadáa?" ó bi mí. Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí láyé.

"Mo dì í dáadáa, Patron."

"Ẹsẹ̀ rẹ ti kan ilẹ̀?"

"Ó ti kan ilẹ̀."

"Ẹ bu omi wá," ó ní, "kí n fọwọ́."

Èmi ni mo bu omi náà.